Ẹnu Ẹlẹ́nu Ló Ṣẹ̀dá Ziggy

Ẹ fetí sí orin David Bowie, olórin rọ́ọ̀kì ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní “Ziggy Stardust” dáadáa, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe Ziggy, olórin inú ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe orin náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Ziggy ṣeré ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní Ziggy mọ gìtá í ta, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ta á. Ó ní àwọn jọ wà lẹ́nu eré náà títí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ọkùnrin yìí, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kùn, tí wọ́n tiẹ̀ ń rò ó bóyá kí àwọn fọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ tó ń wárí fún un sì pa á tán, ẹni tó ń pìtàn yìí ní òun ni òun tú ẹgbẹ́ ká. Títí orin fi parí, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Ziggy fúnra rẹ̀.

Bí gbogbo àwo náà ṣe rí nìyẹn. Orin mọ́kànlá ló wà nínú àwo tí David Bowie gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1972, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí Ziggy ti dúró sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń ròyìn rẹ̀. Ohun tí ayé ń wí nípa àwo yìí ni pé ọkùnrin kan kun àtíkè, ó pa irun láró, ó sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dá ojú sánmà, òkìkí rẹ̀ bá kàn. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Bowie nìkan kọ́ ló ṣẹ̀dá Ziggy. Ẹnu ẹlẹ́nu ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló bá a rán aṣọ tó wọ̀. Nígbà tí ẹni tó wọ aṣọ náà sì bọ́ ọ sọnù, kì í ṣe òun nìkan ni òtútù mú.

Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó kan tí a jọ ń wa bọ́ọ̀sì ní gúúsù London ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọlọ́wọ́ yìí. Ọmọ Hull ni, ìlú èbúté kan ní apá ìlà-oòrùn Yorkshire, Bàbá Hull ni mo sì ń pè é. Ó jù mí lọ púpọ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti máa pe orúkọ rẹ̀ gán-an bí àwọn yòókù ti ń pè é. Ó kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó ń dá mi lóhùn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Bowie ní yàrá ìsinmi wa, bàbá yìí á gbé ife tíì sílẹ̀, á ní, “Ẹ dárúkọ Ronno náà o.” Bí wọn ò bá dá a lóhùn, á tún un sọ.

Mick Ronson ni Ronno, ọmọ Hull bíi tirẹ̀. Láti kékeré ló ti kọ́ dùrù àti fayolíìnì kó tó wá mú gìtá. Ó ti wá London rí láti wá ṣiṣẹ́ orin, kò rí ọ̀nà gbà, ó sì padà sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe fún ìjọba ìlú Hull. Ó ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà sójú pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù rugby lọ́wọ́ nígbà tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan dé, tó ní kó wá ta gìtá fún ẹnì kan tó ń jẹ́ Bowie. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Woodmansey tó ń lùlù wá láti Driffield, àti Trevor Bolder tó ń ta béèsì láti Hull. Àwọn ará òkè Yorkshire mẹ́ta yìí ni wọ́n wá sọ di àwọn Aláǹtakùn láti Mars (Spiders from Mars), ẹgbẹ́ tó ń bá Bowie ṣeré. Bàbá Hull kì í lè sọ èyí láìrẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹ bá mọ irú ibi tí àwọn ọmọ náà ti wá, níbi tí ọkùnrin tó bá fi òórùn dídùn para ti máa ṣàlàyé ara rẹ̀ kó tó jókòó mu ọtí, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí wọ́n tó gbà láti wọ aṣọ tó ń dán gbinrin-gbinrin. Wọ́n sì kọ̀ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Woodmansey ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìgbà tí àwọn rí bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń ya wá bá àwọn lẹ́yìn eré ni ìjà aṣọ àti àtíkè parí.

Bowie kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí olórin rọ́ọ̀kì gidi, jíǹsì tó ti ṣá ló máa wọ̀ dé orí ìtàgé, á tẹjú mọ́ gìtá rẹ̀, á sì ta á títí oorun á fi gbé ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ inú ni wọ́n ń pe ìyẹn. Oṣù kẹta ọdún 1971 ni Marc Bolan, olórí ẹgbẹ́ T. Rex, bọ́ síwájú ẹ̀rọ Top of the Pops, ètò orin ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ilé iṣẹ́ BBC, láti kọ “Hot Love” pẹ̀lú ohun dídán lábẹ́ ojú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìtàn glam rock, rọ́ọ̀kì alátíkè àti aṣọ dídán. Orin náà kì í gùn. Àtẹ́wọ́ àti ìró ẹsẹ̀ ló gbé e dúró, gìtá rẹ̀ nípọn, ó sì yá nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rock and roll àwọn ọdún 1950. Ẹgbẹ́ Slade wá láti Wolverhampton, géńdé bí ẹni tó ń mọlé, tí wọ́n fi sátíìnì àti bàtà gíga kọ́ra. Sweet wà níbẹ̀, Roxy Music wà níbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi ọgbọ́n díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Gary Glitter náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti sọ ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ìyẹn, n kò ní fi ààyè mi ṣòfò lórí rẹ̀.

Ìlú tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ ṣókùnkùn nígbà náà, mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Àwọn awakùsà èédú daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1972. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ìjọba kéde pé nǹkan ti di pàjáwìrì, iná sì ń lọ ní wákàtí-wákàtí láti àdúgbò dé àdúgbò. (Àwa tí NEPA tọ́ dàgbà, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ọjọ́ kejì ìkéde yẹn gan-an, ní gbọ̀ngàn ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Toby Jug ní Tolworth, ni Bowie ti kọ́kọ́ gbé Ziggy jáde fún èrò tí kò pọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú àbẹ́là rí mọ ohun tí aṣọ dídán lè ṣe sójú.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn ẹlẹ́rìí inú àwo náà.

“Five Years” ló ṣíwájú. Ìlù Woodmansey nìkan ló ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Ọkùnrin kan ń gba àárín ọjà kọjá lọ́jọ́ tí akéde ìròyìn sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n tó sì sọ pé ọdún márùn-ún péré ló kù fún ayé. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Ziggy nínú orin yìí. Ohun tí ojú ọkùnrin náà rí ló ń kà sílẹ̀: sójà tí apá rẹ̀ ti kán, ọlọ́pàá tó kúnlẹ̀ tó ń fẹnu ko ẹsẹ̀ àlùfáà, ọmọbìnrin kan ní ìsọ̀ áísìkiriìmù tó ń mu wàrà rẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi òun sínú orin. Ken Scott tó bá wọn ṣe àwo náà ní sítúdíò Trident, ní Soho, sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bowie sábà máa ń kọrin tí á sì bọ́ sí i, àti pé ẹkún gidi ni ẹkún tó wà ní ìparí “Five Years”. Mo gbà á gbọ́. Ohùn náà ti ya kó tó dé ìdajì ègbè.

“Starman” wà ní ipò kẹrin. Díẹ̀ ló kù kó má sí nínú àwo náà rárá: ilé iṣẹ́ RCA tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ló ní àwọn ò gbọ́ orin tí rédíò máa fẹ́ràn, Bowie bá lọ kọ ọ́, wọ́n yọ orin Chuck Berry kan kúrò láti fi í síbẹ̀. Ọmọ kan ló ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Rédíò ló ń gbọ́ lóru tí ohùn àjèjì kan fi já wọ inú rẹ̀, ló bá ń wá ọ̀rẹ́ tó máa tẹ̀ láago láti bi í bóyá òun náà gbọ́. Ẹni ojú sánmà náà fẹ́ wá bá wa, ẹ̀rù ló ń bà á pé orí wa lè dàrú. Báwo la ṣe mọ̀? Ọmọ yẹn ló sọ fún wa. Kí ègbè tó wọlé, ìró kan ṣoṣo á kọ́kọ́ máa dún léraléra bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ wáyà, Bowie á wá fò láti ìsàlẹ̀ ohùn bọ́ sí òkè nínú ọ̀rọ̀ kan náà, fayolíìnì tí Ronson tò sílẹ̀ á sì gbà á. Níbi fífò yẹn, àwọn tó mọ “Over the Rainbow” á rẹ́rìn-ín sínú. Bowie náà ò fi bò: nígbà tó ṣeré ní gbọ̀ngàn Rainbow ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì.

Nínú “Lady Stardust”, ẹni tó wà láàárín èrò ló ń sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi àtíkè ojú olórin náà ṣe yẹ̀yẹ́, tó sì kọrin títí yẹ̀yẹ́ fi di nǹkan mìíràn. Nínú orin “Ziggy Stardust” fúnra rẹ̀, alájọṣiṣẹ́ tí inú ń bí ni. “Moonage Daydream” nìkan ni mo lè tọ́ka sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ziggy ló ń sọ̀rọ̀, kí ló sì sọ? Ó ní ọ̀nì ni òun, ó ní òun ni bàbá, òun ni ìyá, ó ń yánu bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mutí. Ibi tí Ronson ti gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀, níparí, tí gìtá ń ké tó ń fò lọ, ibẹ̀ la ti wá mọ̀ pé ẹ̀dá kan wà níhìn-ín tí kì í ṣe ti ayé yìí. Ẹ̀rí pé Ziggy jẹ́ ẹni ojú sánmà, láti ọwọ́ afàlà-pápá ará Hull ló ti wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lọ́kàn pé eégún ni. Mo ti rò ó títí, n kò gbà. Inú agọ̀ eégún, a kì í dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ìdílé ló sì ni aṣọ náà, wọ́n mọ ọjọ́ tó ń jáde, wọ́n mọ ibi tó ń wọlé sí. Gbogbo ayé mọ ẹni tó wà nínú ti Bowie, orúkọ rẹ̀ wà lára àwo. Àwọn tó ń kini ló sún mọ́ ọn jù. Bí asunrárà bá dé iwájú ilé ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde á sọ ẹni tó jókòó sílé di nǹkan mìíràn. Orí á wú u, ó lè ná owó tí kò yẹ kó ná. Ẹni tí wọ́n ń kì kò ní ṣe ju kó dìde dúró lọ. Àwo yìí kún fún àwọn tó ń ki Ziggy, Bowie wá dìde dúró.

Ọlọgbọ́n ni, ó mọ̀ pé aṣọ gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ẹni tó bá máa dìde dúró. Freddie Burretti, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ abẹ́rẹ́ lò, ló ń rán aṣọ náà. Suzi Fussey ló ṣe irun. Ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge kan ní Beckenham ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyá Bowie wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Bowie fi àwòrán obìnrin kan nínú ìwé ìròyìn hàn án, tó wọ aṣọ Kansai Yamamoto, aránṣọ ará Japan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ń fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí gé irun náà kúrú níwájú, ó jẹ́ kó gùn lẹ́yìn ọrùn, ó pa á láró pupa. Kò dúró. Ó wá lọ mú òògùn tí wọ́n fi ń wo ìgbá orí (dandruff), ó fi gbé irun náà nàró. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Ziggy, èyí ló dùn mọ́ mi jù. Ọdún dé, ọdún lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀wé jọ lórí ẹ̀dá àràmàǹdà tó ti ojú ìràwọ̀ wá, òògùn ìgbá orí ló sì gbé irun rẹ̀ dúró. Suzi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn káàkiri láti máa tọ́jú irun àti aṣọ, òun ló sì padà fẹ́ Ronson.

Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1972 ni BBC fi “Starman” hàn. Ẹ lè rí i lórí YouTube títí dòní. Ẹ wò ó láìka ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sí i. Bowie gbé gìtá aláwọ̀ búlúù, aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi òwú há nínú ló wọ̀. Aṣọ wúrà ló wà lọ́rùn Ronson. Trevor Bolder dúró sẹ́yìn, irun ẹ̀bá etí rẹ̀ méjèèjì funfun bíi fàdákà, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tó ń ronú ohun tí àwọn ará ilé máa sọ. Nígbà tí ègbè dé, Bowie na apá, ó fà Ronson mọ́ra lọ́rùn, wọ́n jọ kọrin sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan. Kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ ọdún márùn-ún péré ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí tí wọn ò fi ju ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn sẹ́wọ̀n mọ́, Bowie sì ti sọ fún ìwé ìròyìn Melody Maker ní oṣù kìíní ọdún yẹn pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun ni òun ń fẹ́. Apá tó gbé lé èjìká ẹnì kejì rẹ̀ ní àsìkò oúnjẹ alẹ́, níwájú àwọn bàbá tó jókòó sórí àga, ó tó nǹkan tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé lórí nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Níbì kan nínú orin yẹn, níbi tí ọmọ inú orin ti ń wá ẹni tó máa tẹ̀ láago, Bowie wo inú ẹ̀rọ, ó ń yí ìka bí ó ti nà án sí ẹni tó ń wò ó. Gary Kemp, tó di olórin ẹgbẹ́ Spandau Ballet lẹ́yìn náà, wà nínú àwọn tó ti sọ pé àwọn ni ó nà án sí.

Wọ́n bí David Robert Jones ní Brixton ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1947. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́nu iṣẹ́, mo sì máa ń ra iṣu níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Morleys, ọlọ́nà kan tó ń jẹ́ Jimmy C ya ojú Bowie síbẹ̀ lọ́dún 2013, pẹ̀lú mànàmáná pupa àti búlúù tó gba ojú kọjá. Nígbà tí Bowie kú ní oṣù kìíní ọdún 2016, òdòdó kún ìsàlẹ̀ ògiri náà débi pé ènìyàn ò rí ọ̀nà gbà. Mo gbọ́ tí ìyá kan tó gbé àpò ẹ̀fọ́ dání ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, “Ta ni bàbá tí wọ́n kun lójú yìí?” Ọmọ náà ní Ziggy ni. Ká má fi òótọ́ pamọ́, kì í ṣe Ziggy. Mànàmáná yẹn, Aladdin Sane ló ni ín, ẹni tó tẹ̀ lé Ziggy nínú àwo oṣù kẹrin ọdún 1973. Pierre La Roche ló fi kun Bowie lójú, Brian Duffy ló yà á. Kò sí mànàmáná lójú Ziggy nínú àwòrán ara páálí àwo rẹ̀. Ibẹ̀, òru ni, ọkùnrin tí irun rẹ̀ kò tíì pupa dúró ní Heddon Street pẹ̀lú gìtá, ẹsẹ̀ kan lé ohun gíga, pátákó ìtajà K. West lókè orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá máa bá ọmọ ọlọ́mọ jiyàn lọ́nà ọjà? Lẹ́nu ayé, ojú méjèèjì ti di ọ̀kan.

Ó di ọ̀kan lára Bowie náà, ibẹ̀ ni ewu wà. Ó ti rí àpẹẹrẹ. Vince Taylor, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di gbajúmọ̀ olórin ní Faransé, wà lára àwọn tó fi ṣe Ziggy. Nígbà tí orí ọkùnrin náà dàrú, ó ń sọ pé ọmọ Ọlọ́run ni òun. Bowie máa ń sọ bí Taylor ṣe tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ayé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Tottenham Court Road, tó ń fi ibi tí ọkọ̀ ojú sánmà máa balẹ̀ sí hàn án. Nínú ilé tirẹ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Terry, ọmọ ìyá rẹ̀, tó kọ́ ọ ní jáàsì àti ìwé kíkà, ti ń gba ìtọ́jú nítorí àìsàn ọpọlọ. Bowie sì ti fi ara ṣe ìtàn náà kó tó ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969, lẹ́yìn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Lindsay Kemp, ọ̀gá nínú eré tí wọn kì í lanu sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ya fíìmù eré kúkúrú kan tó dá ṣe: ọmọkùnrin kan rí ìbòjú ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi dá àwọn ènìyàn lára yá, ó di olókìkí, àfi lọ́jọ́ tó fẹ́ bọ́ ọ lórí ìtàgé ńlá, kò bọ́ mọ́. Ó fún un lọ́rùn pa.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gbé ìbòjú tirẹ̀ wọ̀. Ó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó gbé e lọ sí Japan ní oṣù kẹrin ọdún 1973, níbi tí Yamamoto ti rán oríṣiríṣi aṣọ fún un, tí Tamasaburo Bando, òṣèré kabuki, sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kun ojú. Ẹ̀rù bàlúù ń bà á, ó wọ ọkọ̀ ojú irin la Siberia kọjá padà sílé. Ẹni ojú sánmà tí kì í wọ bàlúù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé Ziggy kọ̀, kò fi òun sílẹ̀, òun ò sì dá ara òun lójú mọ́ nígbà náà.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1973, ní Hammersmith Odeon, kó tó kọ orin tó kẹ́yìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò, ó ní nínú gbogbo eré ìrìn-àjò náà, ti alẹ́ yìí ló máa pẹ́ jù lọ́kàn àwọn, nítorí pé kì í ṣe ìrìn-àjò nìkan ló parí, àwọn ò ní ṣeré mọ́ láéláé. Igbe ta. Fíìmù wà nílẹ̀ tí Pennebaker yà. Àwọn ọmọbìnrin ń sunkún níwájú, ẹlòmíràn ti da ọwọ́ bo ẹnu.

Ronson ti mọ̀. Woodmansey àti Bolder ò mọ̀. Ibẹ̀, lórí ìtàgé, pẹ̀lú gìtá àti igi ìlù lọ́wọ́, làwọn méjèèjì ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó sì ti dá wàhálà sílẹ̀ ṣáájú: ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu Mike Garson, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti máa tẹ dùrù, pé owó tí wọ́n ń san fún un fi ìlọ́po-ìlọ́po ju tiwọn lọ, wọ́n bá gbé e ka iwájú mánéjà. Èrò Bàbá Hull ni pé bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó pa Ziggy, ẹ lọ wo ìwé owó oṣù. Mo máa ń bá a jiyàn lórí ìyẹn, nítorí mo gbà pé ẹ̀rù ń ba Bowie lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún ìbéèrè rẹ̀ kejì: bí ẹ̀rù bá ń bani, kí ló dé tí ènìyàn ò lè sọ fún onílù rẹ̀ ní yàrá ìmúra?

Ó ya ni lẹ́nu bí orin ọdún tó ṣáájú ṣe ti yí ọ̀rọ̀ náà po. Nínú orin, alájọṣeré ló ní òun tú ẹgbẹ́ ká. Ní Hammersmith, ẹni tí wọ́n ń kì ló tú u ká, tí kò sọ fún àwọn tó ń kì í.

Bowie rìn lọ, ó sì rìn jìnnà. Kí ọdún náà tó parí ó ti gbé àwo orin àwọn ẹlòmíràn jáde, Bolder àti Ronson wà níbẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò Woodmansey. Lẹ́yìn ìyẹn ni orin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní 1975, lẹ́yìn ìyẹn ni Berlin, aṣọ mìíràn, orúkọ mìíràn. Inú mi dùn pé ó lọ, torí mo fẹ́ràn àwọn àwo Berlin ju gbogbo glam rock lọ, bí Bàbá Hull tilẹ̀ ti ní kí n má sọ ọ́ sókè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, níbi eré ìrántí Freddie Mercury ní Wembley, Bowie àti Ronson jọ dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí àtíkè. Wọ́n ṣe “All the Young Dudes”, orin tí Bowie fi ta Mott the Hoople lọ́rẹ ní 1972, Ian Hunter ló ń kọ ọ́. Wọ́n tún ṣe “Heroes”. Àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ ti wà lára Ronson. Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ọmọ ọdún 46. Bolder kú ní 2013. Nígbà tí Bowie fi máa kú ní 2016, Woodmansey nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn mẹ́rin tó ṣe àwo náà.

Ní ọdún 2014 ni onílù yìí àti Tony Visconti, tó bá Bowie ṣe àwọn àwo mìíràn, kó ẹgbẹ́ kan jọ, Holy Holy, tí wọ́n sì gbé àwọn orin ìgbà yẹn káàkiri, Glenn Gregory ló kọ ọ́ fún wọn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń jẹ àjẹkù ọ̀gá rẹ̀. Ẹnu wọn gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí wọn ò tíì fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà. Bí ẹnì kan bá wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró sẹ́yìn ìlù kó máa pìtàn Ziggy tó jẹ́ alájọṣeré òun, òun ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn mẹ́rin náà lè ṣe láìsí aṣọ, ẹ wá àwọn orin tí wọ́n kọ fún rédíò BBC ní 1972. Wọ́n kó wọn jọ sínú Bowie at the Beeb ní ọdún 2000. Mo fẹ́ràn wọn ju eré Hammersmith lọ. “Hang On to Yourself” tó wà níbẹ̀ yá ju ti inú àwo lọ, ẹ ó sì gbọ́ béèsì Bolder ketekete.